Gílóòbù Pupa Tí Ọ̀gá Yọ

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí ojú irin là sí méjì. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà Ọ̀gá ni gbogbo ìlú ń pè é, ẹni tó kọ́ níwèé àti ẹni tí kò kọ́. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan, aláwọ̀ eérú, tí iwájú rẹ̀ gùn bí imú ẹṣin. Ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti rà á. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n jọ dé ìlú ti di ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣì ń rìn, ó sì ń dán.

Ọ̀gá kò fi ọkọ̀ yìí ṣeré. Àràárọ̀ ló ń nù ún kó tó fọ ẹnu ara rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá fara gbún un, ẹni tó ni ewúrẹ́ á gbọ́ òyìnbó tí kò gbọ́ rí láyé. Àwọn àgbà ìlú a máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé àwọn lọ sóde. Kì í ṣe pé wọn kò rí ọkọ̀ mìíràn wọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ọ̀gá ti sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọlá. Ìyẹn dùn mọ́ Ọ̀gá nínú. Má dá a lẹ́bi. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n yẹ́ òun sí?

Ìgbà tó yá, iná pupa kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó máa ń ṣaájì bátìrì bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Bí ohunkóhun bá ṣe ẹ̀rọ náà, iná pupa yìí ló máa sọ fún awakọ̀. Ọ̀gá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní in lọ́kàn láti lọ rí rewáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń lọ, kò dá a dúró níbì kankan, ló bá ń sún un sí ọ̀la.

Ohun tó wá ń dà á láàmú ni pé ẹnikẹ́ni tó bá jókòó síwájú, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ síbi iná náà. "Ọ̀gá, kí lèyí?" Ìyá ìjọ bi í. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ bi í. Èyí tó dùn ún jù ni ti ìsípẹ́kítọ̀ ilé-ìwé kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí wọ́n ti jọ ń figa gbága láti ìgbà iṣẹ́. Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ iná, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ti ń fojú pupa wò yín o. Ẹ wá nǹkan fún un jẹ."

Àwọn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín eyín lásán ni. Bó ti délé, kò wá rewáyà lọ. Ó tọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wá gílóòbù iná pupa náà kàn, ó sì yọ ọ́. Kò ju èkùrọ́ lọ. Ó fi bébà wé e, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ ọkọ̀. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, ó sì wù ú.

"Ojú ti ọ̀tá," ló wí. Ọ̀tá wo? Iná tó ń bá a ṣọ́ ọkọ̀ láìgba owó oṣù ló ń pè lọ́tàá.

Nígbà tí ìsípẹ́kítọ̀ tún wọ ọkọ̀ náà, ó wo iwájú, kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ti tún un ṣe nìyẹn."

Ọ̀gá ní, "A ti tún un ṣe."

Kò pẹ́ sí i, ọkọ̀ kọ̀, kò jí mọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ṣẹlẹ̀, lójú gbogbo ìjọ. Ọ̀gá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ṣe kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí adìyẹ tó ń sàba, ó dákẹ́. Ó tún un yí, kò tilẹ̀ ṣe kẹ́ mọ́. Ẹnu ya Ọ̀gá. Ọkọ̀ tí kò dójú tì í rí! Àwọn akọrin ló bá a tì í délé pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn wọn, Ọ̀gá sì jókòó sídìí ọkọ̀, ó di sítíárì mú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń tì í ń kọrin, ṣùgbọ́n n kò ní sọ orin tí wọ́n kọ.

Lọ́jọ́ kejì, rewáyà dé. Rewáyà yìí kì í ṣe ọmọdé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó ti fa ọmọ fọ́kọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ló kọ́ ọ ní ABD, ó sì ti jẹ ẹgba Ọ̀gá yó, nítorí náà títí di ọjọ́ yẹn, bó bá rí Ọ̀gá lókèèrè, á ti ṣí fìlà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó mọṣẹ́, kò sí àní-àní níbẹ̀.

Ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ní ìlú yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í jókòó sí àga olùkọ́ rẹ̀, bí olùkọ́ kò tilẹ̀ sí nílé. Rewáyà yìí kò sì jẹ́ jókòó sídìí ọkọ̀ Ọ̀gá láéláé. Ọ̀gá ni yóò jókòó níbẹ̀, Ọ̀gá ni yóò yí kọ́kọ́rọ́. Rewáyà á dúró níwájú ọkọ̀, á ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ohun tó bá sì fẹ́ mọ̀ nípa inú ọkọ̀, á béèrè. Ọ̀wọ̀ ni, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó wá jẹ́ pé ẹni tó lè mọ ohun tó ń rí kò dé ibi tí wọ́n ti ń rí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni rewáyà wí láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, "iná pupa ńkọ́? Ṣé ó ń tàn bí ẹ bá ń lọ lójú ọ̀nà?"

"Kò tàn," ni Ọ̀gá dáhùn.

"Kò tàn rárá, sà?"

"Mo ní kò tàn. Ṣé mo máa ń sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì fún yín ní kíláàsì ni?"

"Ẹ má bínú, sà. A jẹ́ pé ẹ̀rọ ń ṣaájì nìyẹn. Bátìrì ló ti darúgbó."

Tẹ́tí sí mi dáadáa níbí. Ọ̀gá kò parọ́. Iná pupa kò tàn lóòótọ́. Bí wọ́n bá fi Bíbélì lé e lọ́wọ́, á búra, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ kankan láyé tó lè ṣi rewáyà lọ́nà tó òótọ́ tí Ọ̀gá sọ yìí.

Ọ̀gá ra bátìrì tuntun. Ọkọ̀ jí ní ẹ̀ẹ̀kan, inú Ọ̀gá dùn. Kò pẹ́, ó tún kú sí ẹnu ọ̀nà ilé àna rẹ̀. Rewáyà padà wá. Ó bá ẹ̀gbin funfun tó hù sórí bátìrì, ó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Ó bá bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ, ó ti dẹ̀. Ó fi sípánà fà á le. Ó ní, "Iná pupa ńkọ́, sà?" Ọ̀gá ní, "Kò tàn." Rewáyà ní ó ti parí. Kò parí.

Nígbà tó wá kẹ́yìn, rewáyà ṣe ohun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ ṣe. Ó ní kí Ọ̀gá jí ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnnì sì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó yọ wáyà kúrò lórí bátìrì. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣaájì, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Ẹ́ńjìnnì kú fin-ín. Rewáyà tú ẹ̀rọ náà, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀ ẹlòmíràn, ó ṣaájì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ó dá a padà sínú ọkọ̀ Ọ̀gá, ó tún kú. Ọkùnrin náà dúró, ó fi ọwọ́ tó kún fún girísì bo ẹnu. Ó ní, "Sà, bátìrì yè. Bẹ́líìtì yè. Ẹ̀rọ yè. Ọkọ̀ ló kú. Mi ò rí irú èyí rí." Ọwọ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ọkọ̀ kò ṣaájì, ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní iná kò tàn. Láàrin ọwọ́ ara rẹ̀ àti ẹnu olùkọ́ rẹ̀, ẹnu olùkọ́ ló gbàgbọ́.

Ọ̀gá ńkọ́? Ṣé ó ti gbàgbé gílóòbù inú dúrọ́ọ̀ ni? Kò gbàgbé. Ó rántí rẹ̀ nígbà tí rewáyà bo ẹnu yẹn, ọ̀rọ̀ sì dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀sín ìsípẹ́kítọ̀ ló mú kí òun máa tọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bí olè. Ó tún rò ó pé kò kúkú kan gílóòbù. Ẹnu lásán ni gílóòbù. Ẹni tó pa ẹnu mọ́, ṣé ìyẹn ní kí ara rẹ̀ kú ni? Bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà mì nìyẹn.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe é. Àwa náà mọ ara wa. Bí ohun tí a fi ọwọ́ ara wa bàjẹ́ bá bàjẹ́, aráyé la ó kọ́kọ́ fura sí. Ó rántí bí ìsípẹ́kítọ̀ ṣe tẹjú mọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ó ní ojú lásán kọ́ nìyẹn. Ó da òróró ìyàsímímọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó da díẹ̀ sórí bátìrì náà. Bátìrì gba òróró, kò gba iná.

Ìyá Ọ̀gá wà láyé nígbà náà. Abúlé kan tó wà ní òdìkejì ojú irin ló ń gbé. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ìkùukù sì ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń mọ ọmọ rẹ̀. Bí Ọ̀gá bá lọ kí i, á na ọwọ́, á fi pa á lójú, á fi pa á nímú, á fi oríkì pè é, á ní, "Àmọ̀ó, wọ́n ní o ti hu ewú. Mo fẹ́ fojú mi rí i kí n tó lọ." Ó ń sọ ọ́ bí àwàdà ni, ṣùgbọ́n Ọ̀gá mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Kò sí ohun tó tún fẹ́ láyé ju kó bá ìyá rẹ̀ ṣe èyí.

Àwọn dókítà ojú kan wá láti ọ̀nà jíjìn sí ilé ìwòsàn ìlú. Wọ́n ní ìkùukù irú èyí, iṣẹ́ abẹ kékeré á ká a kúrò. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ lò. Wọ́n pe ìyá Ọ̀gá sí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ tí wọ́n máa lò kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà, rewáyà gbé bátìrì wá láti ibi tí wọ́n ti fi iná ilé ṣaájì rẹ̀. Ó ní, "Sà, bátìrì yìí kún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó ń bu òmíràn sí i. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn lónìí. Àna mi ní takisí, mo lè pè é."

Ọ̀gá wò ó. Ó ní, "Ìyá mi kò ní gba inú takisí lọ la ojú. Ọkọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ rí nígbà tó bá là á."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àbí? Ìgbéraga mọ bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ ìfẹ́.

Ó gbé ìyá rẹ̀ ní abúlé, ó gbé e jókòó sẹ́yìn, ó ká ìró rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ti jáde lábúlé, òjò dé, òjò ńlá tó sọ ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá tan iná iwájú. Ó ṣí wáípà. Ìyá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bi í bóyá igi oróǹbó tó wà lẹ́yìn ilé ṣì wà níbẹ̀, pé òun máa wò ó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọ̀gá rí i pé wáípà ń rìn bí ẹni tó rẹ̀. Ó rí i pé iná iwájú ti pọ́n bí iná àtùpà. Ó tẹ họ́ọ̀nù, họ́ọ̀nù ké bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, bí gbogbo awakọ̀ ṣe máa ń ṣe, kó lè mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ojú ibẹ̀ dúdú, ó dákẹ́, bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ọ̀nà ga díẹ̀ níbi tó ti pàdé ojú irin. Ọkọ̀ gun un, ó húkọ́, ó tún húkọ́, ó sì kú. Ó kú sórí irin gan-an, táyà iwájú ní ọ̀hún, táyà ẹ̀yìn ní ìhín.

Ọ̀gá yí kọ́kọ́rọ́. Kò ṣe kẹ́. Ó tún un yí. Ìgbà náà ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin.

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ. Ó ní ara òun kọ́kọ́ kú ná, pé òun jókòó síbẹ̀ bí ère, ọwọ́ òun lórí kọ́kọ́rọ́. Aṣọ́nà ojú irin ló jí i. Ọkùnrin náà jáde nínú àgọ́ rẹ̀ sínú òjò, ó ń kígbe pé, "Baba, ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ bọ́ sílẹ̀!" Ọ̀gá já ilẹ̀kùn, ó sáré sẹ́yìn, ó fa ìyá rẹ̀. Ìyá kò bọ́ sílẹ̀. Ó gbá àga mú, ó ń pariwo, "Mi ò rí ilẹ̀! Àmọ̀ó, mi ò rí ilẹ̀!" Fèrè tún dún, ilẹ̀ sì ti ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀gá fi agbára tú ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára àga, ìka kan lẹ́yìn ìkejì, ó gbé e pọ̀n, ó sì ṣubú pẹ̀lú rẹ̀ sórí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ó di ìyá rẹ̀ mú, ó di ojú.

Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo irin tó ń họ irin, ó pẹ́ gan-an, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan pa lọ́lọ́.

Nígbà tó lajú, orí ọkọ̀ ojú irin náà ti dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ewúrẹ́ kò lè gba àárín wọn kọjá. Aṣọ́nà ojú irin ń rìn bọ̀ lórí irin láti ọ̀nà jíjìn, omi ń kán lára rẹ̀, àsíá pupa kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí òjò ti mú kó lẹ̀ mọ́ igi. Òun ló ti sá lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin, tó ń ju àsíá náà sókè títí awakọ̀ fi rí i. Ojú Ọ̀gá lọ síbi aṣọ pupa náà, kò lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ wá ojú rẹ̀ kàn. Ó ní, "Àmọ̀ó, ṣé ọkọ̀ rẹ kò fi nǹkan kan hàn ọ́ tẹ́lẹ̀ ni? Kò sí àmì kankan?"

Ọ̀gá bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi bo ìyá rẹ̀ lórí.

Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti ọkọ̀ kúrò lórí irin. Àánú ṣe awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ó gbé ìyá àti ọmọ dé ìlú. Ọ̀gá pọn ìyá rẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn nínú òjò. Nọ́ọ̀sì kan ló bá níbẹ̀, ó ń ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ó wo àgbàlagbà tó pọn àgbàlagbà, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Wọ́n ti lọ. A pe orúkọ ìyá yín títí."

Lọ́jọ́ kejì, rewáyà wá bá Ọ̀gá níbi tí ọkọ̀ wà lẹ́bàá ojú irin, ó gbé bátìrì tó kún wá. Ọ̀gá kò lọ sídìí ọkọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Jókòó."

"Sà?"

"Mo ní kí o jókòó sí àga mi."

Rewáyà nu ìdí ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jókòó. Ó yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kò tíì jí ọkọ̀. Ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún un wò.

"Sà, iná pupa kò tàn."

"Mo ti ń sọ fún ẹ pé kì í tàn."

"Rárá, sà. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ tàn. Ṣùgbọ́n báyìí tí mo kàn yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ tàn, kó tó wá kú nígbà tí ọkọ̀ bá jí. Gílóòbù ti ní láti jó."

"Kò jó," ni Ọ̀gá wí. Ó nawọ́ kọjá lójú rẹ̀, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú bébà jáde, ó tú u sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Rewáyà wo gílóòbù. Ó wo Ọ̀gá. "Ta ló yọ ọ́, sà?"

"Èmi ni."

"Háà!" Rewáyà ká ọwọ́ lérí. Ó gbàgbé ọ̀wọ̀, ó gbàgbé ẹgba. "Háà, Ọ̀gá! Ẹ ti pa á! Ẹ̀rọ yẹn kì í jí fúnra rẹ̀. Iná díẹ̀ láti inú bátìrì ló ń jí i, inú gílóòbù yìí ni iná náà sì ń gbà kọjá lọ bá a. Bí gílóòbù kò bá sí, ọ̀nà ti dí. Bẹ́líìtì kàn ń yí i lásán ni!" Omi lé sí ojú rẹ̀. Ó ní, "Èmi náà, mi ò wò ó. Mi ò tilẹ̀ bẹjú wò ó lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀rù ba Ọ̀gá ju ti ọjọ́ fèrè lọ. Ó rò pé ẹnu lásán lòun dí. Kò mọ̀ pé ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi ń jẹun.

Rewáyà tọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó dá gílóòbù padà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn, ó mọ́ kedere. Ó jí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì dún, iná pupa náà sì kú jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bẹ́líìtì tó dẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ló ń torí rẹ̀ pariwo, bẹ́líìtì sì ti le tipẹ́. Ká ní Ọ̀gá fà á le lọ́jọ́ náà ni, iná ì bá ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ kí ìsípẹ́kítọ̀ tó rí ẹ̀rín rín.

Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, sínú ẹrẹ̀, lójú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sọkún.

Àwọn dókítà yẹn kò padà wá. Ìyá Ọ̀gá lo ọdún díẹ̀ sí i láyé. Títí ó fi lọ, ọwọ́ ló fi ń mọ ọmọ rẹ̀, kò sì rí ewú náà.

Adégoróyè, ọmọ mi, má wo ilẹ̀. O mọ ìdí tí mo fi sọ èyí fún ọ.

Ọdún kò tíì yípo tí a fi ọ́ jẹ olórí ẹbí, tí gbogbo wa yọ̀. Àbúrò bàbá rẹ obìnrin ń dìde ní gbogbo ìpàdé, ó ń sọ pé o kò pín ilẹ̀ dọ́gba, pé o kò dé ọ̀dọ̀ àwọn opó. Ó ń sọ ọ́ lójú àlejò, mo mọ̀, ó sì ń dùn ọ́. O wá ní kó má wá sí ìpàdé mọ́. Lánàá, o jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, inú rẹ ń dùn, o ní, "Bàbá, ìpàdé ti rọrùn báyìí. Kò sí ẹni tó ń ráhùn." Mo gbà pé òótọ́ lo sọ. Ọ̀gá náà, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n n kò sùn mọ́jú.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Láti ìgbà tí obìnrin yẹn ti lọ, ọmọ ta ni wọ́n gbé wá fún ọ pé kí o sọ lórúkọ? Ta ló ránṣẹ́ sí ọ pé ara òun kò yá? Ọ̀dọ̀ obìnrin náà ni gbogbo wọn máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ kò mọ̀. O rò pé ẹnu rẹ̀ nìkan lo yọ kúrò nínú agbo ilé.

Dìde. Òjò kò tíì dé, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà. Lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o mú un padà wá. Bó bá dé, tó tún fojú pupa wò ọ́ lójú àlejò, má wá bí o ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́. Pín ilẹ̀ náà dọ́gba. Lọ kí àwọn opó. Á dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ nísinsìnyí. Má dúró dìgbà tí o bá gbọ́ fèrè.